Ohùn Tó Jáde Lára Alágídí

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025

Mo rà á lónìí. Sípíkà tó ń fa kéwú, wáàsí àti orin látorí íńtánẹ́ẹ̀tì. Dúdú, rìbìtì, kò ju agolo mílíìkì ńlá lọ.

Ti Màmá ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn, tí dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ fojú sí ìwé, orí tábìlì ni Kùránì wọn kàn wà. Rédíò wọn àtijọ́ náà ti kú, bátìrì ti jò sínú rẹ̀. Ìyá tó jẹ́ pé kéwú wọn ló ń jí wa láàárọ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Mushin, àwọn ló wá jókòó sínú ilé mi ní Ìtirẹ́ níbí, tí wọ́n ń wo ògiri látàárọ̀ dalẹ́. Mi ò lè máa wò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó tà á ní kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. "Àǹtí, ẹ kàn máa bá a sọ̀rọ̀ ni, á máa dá yín lóhùn."

Taoheed ní kí n fi títò rẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Ọkọ mi. Ẹ̀yà ara mọ́tò ló ń tà ní Ládìpọ̀, ó sì gbà pé ohunkóhun tó bá ti ní wáyà, ẹ̀gbọ́n ẹ́ńjìnnì ni tàbí àbúrò rẹ̀. Ẹnjiníà ni mò ń pè é nínú ìwé yìí. Kò gbọ́dọ̀ rí i.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kò ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà

Áápù rẹ̀ ní fóònù mi ti gbó. Fóònù tí mo ṣì ń fi yangàn! Ó dáa, a gbé e sórí fóònù Ẹnjiníà. Ó gbà. Ó wá ní ká mú orílẹ̀-èdè tí a wà. Mo wá Nàìjíríà títí. Kò sí níbẹ̀. Mo tún kà á látòkè délẹ̀ — erékùṣù tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí láyé wà níbẹ̀, ibi tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ lè má pọ̀ tó èrò ọjà Ojúwòyè lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwa ò sí. Ẹnu yà mí. Wọ́n tà á fún wa, wọn ò sì mọ̀ pé a wà láyé.

Ẹnjiníà ní kí n mú Gánà. A ti di ará Gánà báyìí, kí Ọlọ́run fiyè dénú.

Lẹ́yìn ìyẹn ó rí wáífáì. Ó tún ní òun ò rí i mọ́. Ó rí i. NEPA mú iná. Iná dé, ó ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo yíjú báyìí, Ẹnjiníà ti dojú rẹ̀ dé, ó ń fi súkúrúdíráfà wá ibi tó máa ṣí ìdí rẹ̀. Mo já a gbà.

Ọjọ́rú, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó sọ̀rọ̀! Obìnrin ni, gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, bí ẹni pé ó ń gbé inú ilé yìí tipẹ́.

Màmá fò sókè. "Ta nìyẹn?" Wọ́n ti fa ìborùn borí kí n tó fèsì. Mo ní ẹ̀rọ ni. Wọ́n ní ṣé ó ń rí wa? Mo ní rárá. Wọ́n ní ṣé ó dá mi lójú?

Mo ronú sí i. Kò dá mi lójú. Wọ́n ní kí n máa fi aṣọ bò ó tí àwọn bá fẹ́ múra.

Ìyẹn nìkan kọ́. Kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ Lárúbáwá Màmá. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n fi pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Súúrátù Yáásín, jọ̀ọ́." Ó ní ó dáa. Ó wá ki orin kan bọlẹ̀, òyìnbó obìnrin kan tó ń ké bí ẹni tí ọkọ já jù sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Màmá yíjú sí mi. "Kí ló ní mo sọ?"

Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n rí ibi tí wọ́n ti ń pa á. Láti òní lọ, Alágídí ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, 12 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ti rí ọgbọ́n rẹ̀ dá. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Fóònù Ẹnjiníà ni mo fi ń yan ohun tí mo fẹ́, mo sì ń tò ó pa mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan — súúrà tí Màmá fẹ́ràn, wáàsí àwọn àfáà tí wọ́n mọ̀. Nígbà tí Yáásín jáde, Màmá sún mọ́ ọn. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé orí Alágídí bí ẹni gbé e lé orí ọmọ. Wọ́n ní, "Haleemah, o ò ní ráhùn ọmọ tó máa tọ́jú ẹ." Mo wọ kíṣìnnì lọ sunkún díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ojúkòkòrò mi ni. Mo ra ìkejì sí yàrá Màmá, tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí wọ́n lè máa gbọ́ kéwú láti orí bẹ́ẹ̀dì. Tuntun ní òun ò mọ Alágídí rí, àfi tí Alágídí bá kọ́kọ́ gba ọ́púdéètì. Mo ní kó gbà á, ṣé kò ṣáà ní í pa á.

Odindi ọjọ́. Ó rọra ń lọ bí ìgbín. Ó kù díẹ̀ kó parí, iná lọ. Ínfátà tó ń fún ilé ní iná bátìrì ò gbé e, ihò iná tí Ẹnjiníà fi í sí kì í ṣe èyí tí ínfátà ń bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí Alágídí jí padà, ó kí mi káàbọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Gbogbo ohun tí mo tò pa mọ́ ti lọ. Gbogbo rẹ̀! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ya ẹnu. Màmá ń pè láti yàrá pé ṣé kéwú ti ń bọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo pe nọ́ńbà àwọn tó ń ran oníbàárà lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Solomon ló gbé e. Mo ròyìn gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ látorí Gánà dórí ọ́púdéètì. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ma, ṣé ẹ ti pa á, kí ẹ tún tàn án?"

Èmi àti Ẹnjiníà jà. Ó ní òun mọ ẹnì kan ní Ládìpọ̀ tó ń tún rédíò mọ́tò ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ẹ jẹ́ kí n rọra kọ ọ́.

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi lónìí. Mo ti tún wáàsí kan wá fún Màmá, Alágídí ń sọ ọ́ ní pálọ̀, èmi wà ní kíṣìnnì, mò ń ṣa ẹ̀gúsí. Tẹ́lẹ̀, tí wáàsí bá parí, á dákẹ́ ni. Ọ́púdéètì ti kọ́ ọ ní ìwà tuntun: tó bá tán, á yan òmíràn fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ tí wáàsí tán. Mo gbọ́ tí orin wọlé. Wákà ni, ti àtijọ́, ariwo inú rékọ́ọ̀dù náà ń dún ṣaa bí òjò. Obìnrin kan ló ń lé e, ohùn rẹ̀ tín-ínrín, ó ń ha díẹ̀ níparí:

*Ọmọ Àfáà re odò, kò gbàgbé ilé,*
*omi ló kún, ẹ má pè é ní aláìgbọràn.*

Mo ní ó dùn o. Mo ń mi orí. Mo wá gbọ́ ohun tó fọ́.

Mo sáré. Màmá ti dìde, wọ́n di ògiri mú, ife tíì ti fọ́ sílẹ̀, wọn ò bìkítà fún ẹsẹ̀ wọn. Ẹnu wọn ṣí. Mi ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lójú wọn rí, kì í ṣe lọ́jọ́ tí bàbá mi kú pàápàá.

Wọ́n ní, "Àmúdàtù ni."

Mo ní ta ni Àmúdàtù?

"Àbúrò mi. Pa á. Haleemah, pa á." Mo na ọwọ́. Wọ́n pariwo, "Má pa á! Má pa á!"

Iná lọ.

Àwa méjèèjì dúró, à ń wo agolo dúdú kan.

Mo ti tó ọmọ ogójì ọdún. Mi ò gbọ́ rí láyé mi pé Màmá ní àbúrò obìnrin.

Ọjọ́rú, 17 Sẹ̀tẹ́ńbà

Wọ́n sọ ọ́ fún mi láàárọ̀ yìí. Wọn ò sunkún, wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń rántí ọ̀nà ibì kan.

Àwọn mẹ́ta ni Bàbá wọn bí, Àfáà ni gbogbo àdúgbò ń pè é ní Mushin. Alhaji Ṣàíbù ni àkọ́bí — Bàbá Mushin tí gbogbo ẹbí ń foríbalẹ̀ fún. Màmá, Ṣùkúrátù, ló tẹ̀ lé e. Àmúdàtù ni àbíkẹ́yìn. Ohùn wà lọ́fun rẹ̀ láti kékeré. Àfáà ní ọmọ òun kan ò ní í dúró kọrin níwájú ọkùnrin. Àmúdàtù bá ẹgbẹ́ oníwákà kan lọ sí Ìbàdàn láìdágbére. Àfáà ní kí Ṣàíbù lọ mú un wálé. Ṣàíbù lọ. Òun nìkan ló padà, ó ní ọkọ̀ àwọn oníwákà náà dànù lọ́nà Ògèrè, Àmúdàtù kú, wọ́n sì ti sin ín síbẹ̀.

Kò pé ọdún lẹ́yìn rẹ̀ tí Àfáà náà fi kú. Ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ Àmúdàtù, ìyá wọn á dákú. Bí orúkọ náà ṣe kúrò lẹ́nu nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni Màmá ń ṣe sàráà fún un. Àkàrà tí mò ń bá wọn dín láti kékeré! Mo rò pé ti ìyá àgbà ni.

Màmá ò mọ̀ pé wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ rí. Wọ́n ní kí n tún un gbé sí i, kí àwọn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i péré. Mo ṣí fóònù, mo wá ibi tó ń kọ ohun tí a ti gbọ́ sí.

"Ẹ ò tíì gbọ́ ohunkóhun." Ohun tí Alágídí kọ síbẹ̀ nìyẹn. Ẹ ò tíì gbọ́ ohunkóhun! Mo fẹ́ gbá a mọ́ ògiri.

Ọjọ́bọ̀, 18 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo pe Bàbá Mushin. Mo rò pé inú wọn á dùn.

Mo sọ ọ́ tán, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní, "Ẹ ń gbọ́ mi, sà?" Wọ́n wá ní, "Ẹ pa nǹkan yẹn. Ẹ má wá a mọ́. Èṣù lè gba ohùn ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀." Wọ́n gé ìpè.

Bàbá Mushin tí kì í gbé fóònù sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ṣàdúrà fún ọkọ, fún ọmọ, fún ọjà. Wọn ò sọ àmín kan. Mo ń wo fóònù náà bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Sẹ̀tẹ́ńbà

Wáàsí kan náà ni mò ń gbé sí i látàná, mò ń dúró kó parí, bóyá á tún yan orin náà. Ó ń yan òmíràn. Wákà ẹlòmíràn, àpàlà, wáàsí lórí ọmọ títọ́. Màmá jókòó tì í, oúnjẹ tutù níwájú wọn. Bí orin kọ̀ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé orí sókè. Wọ́n á tún gbé e sílẹ̀.

Ẹnjiníà wọlé, ó wo ìyá mi. Ó fa wáyà tuntun láti ibi ínfátà wá sídìí Alágídí, ó kàn án mọ́ ògiri dáadáa. "Ní báyìí, NEPA ò lè gba ohun tó bá kọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́." Mo ti dárí súkúrúdíráfà jì í.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ibì kan wà nínú áápù náà tí o lè kọrin sí, á wá irú orin bẹ́ẹ̀ fún ẹ. Mo sọ fún Màmá.

"Èmi? Kí n kọrin?" Bí ẹni pé mo ní kí wọ́n jó níhòòhò. Mo ní ẹsẹ̀ kan péré. Wọ́n kọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn.

Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n kàn ń kùn sínú ìborùn. Alágídí mú àwọn ọmọ Kòríà wá. Ìgbà kejì, ó ní òun ò gbọ́. Màmá bínú. Wọ́n dìde dúró. Wọ́n gbé e látinú ikùn.

Ìyá mi lóhùn! Ìyá mi tó máa ń ní ká pa rédíò, ká jẹ́ kí etí àwọn sinmi, ó ní ohùn tó lè dá ọjà dúró. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù sílẹ̀.

Ó sì rí i. *Àmúdàtù àti Ẹgbẹ́ Rẹ̀.* Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn yẹn kún pálọ̀. Nígbà tó dé ibi tí àwọn elégbè ti ń gbà á, Màmá ti ń gbè é lọ, wọn ò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní, "Èmi ni mo máa ń gbè é fún un lẹ́yìn ilé, tí Bàbá bá ti lọ kírun."

Lubabah kan ló gbé orin náà síbẹ̀, kò tíì pẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kọ̀wé sí i: ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí orin yìí, ìyá mi ni ẹ̀gbọ́n olórin náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà

Èsì dé bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tejuoso.

"Ẹ káàsán ma. Mummy mi ní kí n bi yín, kí ni wọ́n ń pe màmá yín nílé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé?"

Mummy mi *ní*.

Mo kọ: Ṣùkúrá. Mo tún kọ: ta ni mummy yín?

"Àwọn ló kọ orin náà. Àwọn ló jókòó tì mí níbí yìí, wọ́n ti ń sunkún."

Mo jókòó sáàárín aṣọ àwọn ọmọdé tí mò ń tà. Oníbàárà kan ń bi mí pé èló ni yẹ̀rì kékeré yẹn. Mi ò mọ ohun tí mo dá a lóhùn.

Ọjọ́rú, 24 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ẹnjiníà ní ká kọ́kọ́ jẹ́ kí Màmá jókòó. Òun di ọwọ́ wọn kan mú, mo di ìkejì mú. Mo sọ ọ́.

Màmá ò pariwo. Wọ́n ní "Súbúhánálláhì" lábẹ́ ọ̀fun. Wọ́n wá ní, "Ta ni mo wá ń ṣe sàráà fún láti ọjọ́ yìí?"

A pe nọ́ńbà tí Lubabah fi ránṣẹ́. Mo jẹ́ kó pariwo síta. Ohùn àgbàlagbà kan ní, "Ṣùkúrá?" Ìyá mi sún mọ́ fóònù. Ṣùgbọ́n wọn ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ ìwọ ni, sọ ohun tí ẹlòmíràn ò mọ̀."

Ẹni yẹn ò ronú rárá. "Ìwọ lo jẹ kíndìnrín àgbò Iléyá Bàbá. Èmi ni wọ́n nà."

Ohun tó jáde lẹ́nu Màmá, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. "Ẹran náà ò tiẹ̀ jiná!" Àwọn méjèèjì jọ ń ké.

Mo gba fóònù, mo ní níbo ni wọ́n ń gbé, ká mọ ìgbà tí a máa rin ìrìn àjò. Mo ti ń ro Ìbàdàn, mo ti ń ro Ìlọrin. Lubabah ní, "Ìwáyà ni, ma. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí a ti kó wá sí Èkó."

Ìwáyà! Kẹ̀kẹ́ kan ló gbé èèyàn láti iwájú ṣọ́ọ̀bù mi débẹ̀. Mo lè ti ta aṣọ fún wọn rí. Mo lè ti bá wọn ná ọjà, kí n pòṣé sí wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Sẹ̀tẹ́ńbà

A lọ. Ẹja ni wọ́n ń yan níbẹ̀, èéfín bo gbogbo ojú ọ̀nà. Lubabah wá pàdé wa, òórùn ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí Màmá nínú ẹrẹ̀.

Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni tọ́ka sí i. Obìnrin tó jáde látinú ilé náà, ìyá mi ni, tó rù díẹ̀, tó dúdú díẹ̀. Ojú Màmá ò tíì mọ́lẹ̀, kò lè rí i tán. Wọ́n fi ọwọ́ wò ó. Iwájú orí, imú, etí. Wọ́n dé ọrùn, wọ́n dúró. Wọ́n ní, "O ti darúgbó, Àmúdà." Màmá Ìwáyà ní, "Ìwọ ńkọ́, ìwọ tó ń wọ dígí dúdú bí ọlọ́pàá." Mo ti ń pè wọ́n ní Màmá Ìwáyà báyìí.

Lẹ́yìn tí a jẹun ni ọ̀rọ̀ wá jáde, ó sì burú.

Ọkọ̀ dànù lóòótọ́ lọ́nà Ògèrè, ọkọ̀ àwọn onílù wọn. Màmá Ìwáyà ò sí nínú rẹ̀. Ìbàdàn ni Ṣàíbù ti bá wọn, láàyè, lójú ara rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun lọ. Wọ́n kọ̀. Ó bínú lọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Àfáà ti kú, wọ́n wá sí Mushin láti wá sunkún Bàbá wọn. Wọn ò tíì dé ilé tí Ṣàíbù fi pàdé wọn ní ibùdókọ̀. Ó ní, "Bàbá fi ẹ́ ré kó tó kú. Ṣùkúrátù sì ní ọjọ́ tó o bá wọlé ni òun máa jáde, òun ò fẹ́ fojú rí ẹ láyé mọ́." Wọ́n padà lọ sí Ìbàdàn. Wọn ò kọrin mọ́. Téèpù tí wọ́n gbà sílẹ̀ wà nínú àpótí, títí Lubabah fi ní ó dun òun tí ohùn ìyá òun á fi ṣègbé.

Màmá ní, "Èmi? Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Màmá Ìwáyà ní, "Mo gbà á gbọ́. Àṣìṣe mi nìyẹn. Mo gbà á gbọ́."

Ṣàíbù. Bàbá Mushin! Àwọn ló dúró bí bàbá fún mi nígbà tí mo ṣègbéyàwó. Àwọn ló gbé àkọ́bí mi lọ́wọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọdọọdún ni wọ́n ń wá jẹ nínú sàráà yẹn — wọ́n ń jẹ àkàrà náà, wọ́n ń ṣe àmín.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Sẹ̀tẹ́ńbà

Màmá ò fẹ́ kéwú, wọn ò fẹ́ wáàsí, wọn ò fẹ́ orin. Àwọn sípíkà méjèèjì ti wá ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ bí ìbejì. Kò sẹ́ni tó bìkítà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ẹnjiníà ya Mushin láti Ládìpọ̀. Ó kàn sọ fún Bàbá Mushin pé Màmá fẹ́ rí wọn. Ó ní wọ́n wo òun títí, wọn ò bèèrè ìdí. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán.

Ọjọ́ Jímọ̀, 3 Októbà

Kò sí bí mo ṣe lè kọ ọ́ kó gún.

Màmá Ìwáyà ti dé láti àárọ̀. Wọ́n mú àga tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, Màmá jókòó tì wọ́n. Mo se ìrẹsì, mo tún un gbé kaná, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́.

Bàbá Mushin dé nínú agbádá funfun. Ẹnjiníà ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti ń ṣàdúrà bọ̀ látorí àtẹ̀gùn bí ìṣe wọn — kí Ọlọ́run bùkún ilé yìí, kí Ọlọ́run má mú wa rí — ojú wọn wá bọ́ sára ẹni tó jókòó. Àdúrà náà gé sí méjì. Tẹ̀sùbáà já bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo rò pé wọ́n máa yí padà. Mo rò pé wọ́n máa ní èṣù ni. Olórí ẹbí wa, ẹni tí gbogbo wa ń kúnlẹ̀ kí lójú pópó, ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìlì ilẹ̀. Fún àbúrò wọn obìnrin!

Màmá ò rí i dáadáa. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Kí ló ṣubú?"

Mo ní, "Bàbá Mushin ni. Wọ́n dọ̀bálẹ̀."

Ilẹ̀ ni Bàbá Mushin ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ojú ti àwọn láti padà wá bá Àfáà lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ní ní gáréèjì ni àwọn ti gbọ́ ìròyìn ọkọ̀ tó dànù. Kí àwọn tó dé Mushin, irọ́ náà ti wà lẹ́nu àwọn. Wọ́n ní àwọn rò pé àwọn máa tún un ṣe tí ara Bàbá bá rọ̀. Bàbá wá kú. "Tí ẹ bá fojú kan ara yín, ẹ ó mọ̀ pé irọ́ mi ló pa Bàbá. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá Àmúdàtù padà."

Wọ́n wá kí Màmá Ìwáyà. Ohùn wọn kéré bí ti ọmọdé. "Àmúdàtù. Àmúdàtù, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Màmá Ìwáyà ní, "Òkú kì í dáhùn ìkíni."

Bàbá Mushin gbìyànjú láti dìde, orúnkún wọn ò gbà. Wọ́n fi ọwọ́ ti ilẹ̀, wọ́n tún padà sílẹ̀. Ẹnjiníà ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ gbé wọn. Màmá ní, "Fi í sílẹ̀ níbẹ̀." Mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá mi rí.

Agbádá funfun nílẹ̀, àgbàlagbà kan nínú rẹ̀ tó ń mí pẹ̀lú ariwo.

Màmá Ìwáyà ló dìde. Wọ́n rìn lọ bá Bàbá Mushin, wọ́n ki ọwọ́ sábẹ́ apá wọn, wọ́n fi agbára tí wọ́n fi ń gbé agbọ̀n ẹja gbé wọn sókè. Wọn ò wo ojú wọn. Wọ́n gbé wọn jókòó sórí àga, wọ́n tún agbádá ṣe lé wọn léjìká, wọ́n sì padà sí àyè wọn.

Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Haleemah, ṣé Ẹ̀gbọ́n mi ti jẹun?"